Ohùn Tó Kọjá Tí Kò Tíì Lọ

Àwọn tó gbọ́ nípa phenomenology, ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí kan tó ń wádìí ìrírí, lóréfèé máa ń pè é ní ẹ̀kọ́ "bó ṣe rí lára mi", àfi bíi pé kí kálukú kàn jókòó kó máa ròyìn inú ara rẹ̀. Ó ń dunni, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Edmund Husserl, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó dá a sílẹ̀ ní Jámánì, kò wá ìròyìn ẹnikẹ́ni. Bí ìrírí ṣe ń ṣiṣẹ́ lára gbogbo ẹni tó bá ń rí tàbí tó ń gbọ́ ló ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú orin, àpẹẹrẹ tí òun fúnra rẹ̀ lò nígbà tó ń kọ́ni nípa àkókò ní yunifásítì Göttingen ní 1905. Nígbà tí ohùn kẹta bá fi máa dún, ti àkọ́kọ́ ti dákẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó ń dún lọ́wọ́ nìkan là ń gbọ́, a ò ní gbọ́ orin láéláé. Bó bá sì jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ṣì ń dún, ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀ ì bá dà. Àlàyé Husserl ni pé ohùn àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Èyí kì í ṣe ìrántí. Orin àná, a ní láti padà lọ mú un wá. Ohùn yìí kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Ọkàn sì ti ń retí èyí tó ń bọ̀. Bí akọrin bá ṣi ohùn, kódà nínú orin tá ò gbọ́ rí, kíá lara wa á kọ̀ ọ́. Ta ni a lè já kulẹ̀ bí kò bá ti ń retí nǹkan kan tẹ́lẹ̀?

Kéèyàn tó lè rí èyí, ó ní láti kọ́kọ́ gbé àlàyé nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ohùn àti bí ọpọlọ ṣe ń gbà á tì ná, kó lè wo ìrírí náà bó ṣe rí. Ìgbésẹ̀ yìí ni Husserl ń pè ní epoché, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣì túmọ̀ sí pé ó ní ayé ò sí. Kò rí bẹ́ẹ̀; ńṣe ló dà bí adájọ́ tó sún ẹjọ́ síwájú: kò dá ẹnikẹ́ni láre, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Maurice Merleau-Ponty, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, kọ ọ́ ní 1945 pé ẹ̀kọ́ tó ga jù nínú ìgbésẹ̀ yìí ni pé kò ṣeé ṣe parí. Àwọn kan kà á sí àbùkù. Agbára rẹ̀ gan-an nìyẹn: ẹnikẹ́ni tó bá létí lè yẹ àlàyé náà wò, kó sì tún un ṣe. Husserl alára padà sórí ọ̀rọ̀ àkókò ní 1917, ó sì tún gbé e yẹ̀ wò láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.