Elephant and Castle: ta ló mú erin wá sí London?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì tí mo máa ń wọ̀ láti Peckham ń gba Elephant and Castle kọjá, ṣùgbọ́n n kò rí erin tàbí ilé olódi níbẹ̀ rí. Wọ́n ní ọmọ ọba obìnrin ilẹ̀ Sípéènì, Infanta de Castilla, ni àwọn aráàlú pè dàrú tó fi di bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà dùn létí. Eleanor, ìyàwó Ọba Edward Kìíní, ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí. Ọdún 1290 ló kú, kò sì sí ohun tó da òun àti àdúgbò náà pọ̀. Ìgbà tí a kọ́kọ́ rí orúkọ yìí fún ibẹ̀ ni 1765, nínú ìwé kóòtù Walworth. Nínú 475 ọdún tó wà láàárín, ta ló bá wọn tọ́jú orúkọ náà?

Ilé ọtí ló ni orúkọ. Newington ni wọ́n ń pe àdúgbò yẹn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà tó ti gúúsù wọ London ti pàdé, ibẹ̀ sì ni àwọn tó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń dúró jẹun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀wé kà nígbà náà, àwòrán ni àwọn onílé ọtí fi ń júwe ara wọn. Ti ibí yìí jẹ́ erin tó gbé ilé olódi kékeré sẹ́yìn, bí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ṣe máa ń ya erin ogun ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú àwọn jagunjagun lórí rẹ̀. Àmì yìí kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní London ń lò, torí pé eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe èèkù ọ̀bẹ olówó iyebíye. (Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ ọnà eyín erin Ọ̀wọ̀ yóò mọ irú iyì tó wà níbẹ̀.)

Ìbéèrè: Wọ́n ti wó ibẹ̀, wọ́n ń tún un kọ́. Ṣé orúkọ náà ò ní parẹ́ báyìí?

Ìdáhùn: Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí ní 1965 kógbá sílé ní 2020, wọ́n sì wó o, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ère erin tó wà níbẹ̀ lọ sí Castle Square nítòsí. Heygate, ilé ìjọba tó lé ní 1,000 ìdílé, ti lọ pẹ̀lú. Àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń pè ní Elephant Park ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ àdúgbò ni wọ́n fi ń ta ilé tí apá ọ̀pọ̀ ará Heygate kò lè ká. Púpọ̀ nínú wọn ti kó lọ sí ibòmíràn.