Ìjàmbá Ọkọ̀ Dín Kù, Òkú Pọ̀ Sí I: Báwo Nìyẹn Ṣe Jẹ́?

Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka ìṣirò ọdún 2024 jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé akọ̀ròyìn ló ṣi nọ́ńbà kọ. Ìjàmbá ọkọ̀ lọ sílẹ̀, iye àwọn tó kú gòkè. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ọ̀nà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà tuntun ni. Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e pọ̀, a sì kó àwọn tó ṣe kókó jọ síbí.

Kí ni ìròyìn náà sọ gan-an?

Ó ní ìjàmbá 9,570 ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024, èyí tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2023. Àmọ́ èèyàn 5,421 ló kú. Lọ́dún tó ṣáájú, 5,081 ni. Òkú 340 ló lé.

Ṣé ìyẹn ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka ìjàmbá, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka òkú.

Ẹ là á yé wa.

Ẹ wo ìjàmbá méjì. Nínú èkíní, dánfó kan fẹnu gbá ìdí ọkọ̀ kékeré kan ní Ojúẹlẹ́gba nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Iná ẹ̀yìn fọ́, àwọn awakọ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bú ara wọn dé ìdílé, ọmọ tó ń ta omi tútù rí ọjà tà. Nínú èkejì, táyà bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún bẹ́ lórí eré lójú ọ̀nà márosẹ̀ láago méjì òru. Nínú ìwé, oókan ni méjèèjì. Bí irú ti àkọ́kọ́ bá fi ọgọ́rùn-ún dín, tí irú ti èkejì wá fi mẹ́wàá péré lé, ìròyìn á gbé e pé ìjàmbá ti dín kù. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Eré ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi máa gbá nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní bí eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé, ewu ìjàmbá tó ń pààyàn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé. Ẹ wá fi èrò tí wọ́n há mọ́ra bí ẹja inú agolo kún un.

Awakọ̀ ní kòtò ló ń pa wá. FRSC ní eré àsápajúdé ni. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jókòó dáadáa, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀nà tó bàjẹ́ máa ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọ́ ríìmù níbi kòtò kan rí, bó bá tún dé ibẹ̀, á rọra bí ẹni tó gbé ẹyin lórí. Jẹ́ kí wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún, kí wọ́n fa ìlà funfun sí i, ẹni kan náà á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwà rẹ̀ kò yí padà o. Bí ẹ̀rù bá ṣe ń bà á tó ló ṣe ń wa ọkọ̀ rẹ̀, nǹkan tó yí padà ni pé ẹ̀rù kò bà á mọ́.

Wọ́n ti dán èyí wò. Ní Munich, nílẹ̀ Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n fi búrékì ABS, tó jẹ́ nǹkan tuntun nígbà náà, sínú apá kan lára àwọn takisí ilé iṣẹ́ kan, wọn kò fi sínú àwọn tó kù. Búrékì yìí kì í jẹ́ kí táyà dì pa bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Ó yẹ kí ìjàmbá àwọn tó ní in dín kù gidigidi. Ọdún mẹ́ta kọjá, kò dín. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n wọkọ̀ bí èrò láti máa ṣọ́ àwọn awakọ̀, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, rí i pé àwọn tó ní búrékì tuntun ń ya kọ́nà kíkankíkan ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ààbò tí wọ́n fún wọn, wọ́n ti ná an sórí eré.

Ti Sweden ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1967, gbogbo awakọ̀ orílẹ̀-èdè náà kúrò lọ́wọ́ òsì ọ̀nà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á rò pé ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ìjàmbá lọ sílẹ̀, torí gbogbo awakọ̀ ló ń ya ojú sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà tó mọ́ wọn lára tán, ó padà. Kó tó parí ọdún 1969, ó ti rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. (Àwa náà ṣe tiwa ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bí wọ́n ṣe ń wo òsì wo ọ̀tún lọ́sẹ̀ yẹn.)

Èyí tó jọ ìròyìn tiwa jù ni ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2020. Àrùn kòrónà lé gbogbo èèyàn sílé, ìrìn ọkọ̀ dín ní ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Síbẹ̀, ó ju 38,000 èèyàn lọ tí ìjàmbá ọkọ̀ pa, wọ́n sì pọ̀ ju ti 2019 lọ. Ọ̀nà tó ṣófo ni àwọn tó ṣẹ́ kù rí tí wọ́n fi ń fò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì de bẹ́líìtì.

Ṣé kí ìjọba fi kòtò sílẹ̀ nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sí mi lẹ́nu. Mo mọ ìjọba ìbílẹ̀ tó lè gé abala yìí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọ̀nà burúkú ní ikú tirẹ̀. Nítorí kòtò ni dánfó ṣe ń gba apá tí kì í ṣe tirẹ̀ kó lè bọ́ fún un. Nítorí kòtò ni tírélà tó gbé kọ̀nténà ṣe ń wó lu ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń rọra ni olè máa ń ba sí, ẹni tó ń rọbí kò sì lè dúró dìgbà tí ọkọ̀ á fi la ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀dà nìkan kọ́ ni àtúnṣe. Bí ẹ bá la ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín ìlú tí àwọn ìyá ń ta ẹ̀bà lẹ́bàá rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó ń dẹ́rù ba ẹsẹ̀ awakọ̀ sí i: kí ọ̀nà fún díẹ̀ bó bá ń wọ ìlú, kí oríta rẹ̀ jẹ́ ráńdábáòtù, kí irin pààlà wà láàárín, kí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbi tí èèyàn ti ń sọdá gan-an, kì í ṣe níbi tí ó rọrùn fún agbaṣẹ́ṣe. Pátákó tí a kọ 50 sí nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kà á sí ọ̀rọ̀ ìyànjú.

Bí ààbò bá ń mú awakọ̀ gbójú, ṣé bẹ́líìtì kò wúlò nìyẹn?

Ó wúlò. Lọ́dún 1975, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Chicago, Sam Peltzman, kọ ọ́ pé eré ti jẹ gbogbo èrè òfin ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé àsọrégèé wà nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì ń dín ewu ikú àwọn tó jókòó níwájú kù ní nǹkan bí ìdajì. Bí ẹ bá fún awakọ̀ ní náírà mẹ́wàá ààbò, á ná díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí eré, kò ní ná gbogbo rẹ̀ tán.

Awakọ̀ mi ti wà á fún ogún ọdún láìkọlu ẹnikẹ́ni. Ṣé ìrírí kì í ṣe ààbò?

Dé àyè kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé títì kì í fi ẹgba kọ́ni lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń sáré kọjá ọkọ̀ mìíràn lórí òkè, níbi tí kò ti rí iwájú, ó lè ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún kó sì dé ilé jẹ àmàlà. Ìgbà ẹgbẹ̀rún ni ọ̀nà sọ fún un pé ó káre. Bí ìrírí ṣe ń kọ́ èèyàn nìyẹn, ó sì lè kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó ń fún ara rẹ̀ ní máàkì kékeré. Ola Svenson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bí wọ́n ṣe mọ ọkọ̀ wà sí. Nínú èsì tó gbé jáde ní 1981, ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà fi ara wọn sínú ìdajì tó mọ̀ ọ́n wà jù. Nínú àwọn ará Sweden, 69 ni. Ìdajì kì í sì í ju ìdajì lọ.

Ṣùgbọ́n eré ń jẹ́ ká tètè dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127. Ẹni tó bá kúrò lórí eré 60 bọ́ sí 80 á jèrè bí ìṣẹ́jú 32. Ẹni tó bá kúrò lórí 100, tó jẹ́ òpin eré fún ọkọ̀ adáni lọ́nà márosẹ̀, bọ́ sí 120, kò jèrè tó ìṣẹ́jú 13. Láti 120 sí 140, mẹ́sàn-án péré ni. Bí eré bá ṣe ń le sí i ni èrè rẹ̀ ń kéré sí i, tí ewu rẹ̀ ń ga sí i, ṣùgbọ́n ọkàn wa kì í ṣe ìṣirò báyìí. Ìṣẹ́jú 13 tí ẹ jẹ náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger á gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Fóònù ńkọ́, bó bá jẹ́ pé mo kàn wo ẹni tó ń pè?

Lórí eré 100, ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí ẹ fi wò ó, ọkọ̀ ti rin mítà 55 láìsí ẹni tó ń wo iwájú. Ó ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Paraga kékeré láàárọ̀?

Rárá.

Kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ju ikú lọ?

Torí pé ẹ̀ṣọ́ wà níwájú yín, ó ń ju ọwọ́. Ikú kò wọ aṣọ iṣẹ́. Nígbà tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọlọ́kadà láti dé àṣíborí ní oṣù Kìíní 2009, àwọn kan ní Kánò so èèpo elégédé gbígbẹ mọ́ orí. Àwọn èrò kan kọ̀ láti dé tiwọn, wọ́n ní bóyá wọ́n ti fi oògùn sí i. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó fa bẹ́líìtì kọ́ èjìká bó ṣe rí ẹ̀ṣọ́ lókèèrè, tó sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tó kọjá, elégédé lòun náà dé.

Èrò ni mí, n kì í ṣe awakọ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé àsọdànù ni. Ní Kẹ́ńyà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, James Habyarimana àti William Jack, lẹ bébà mọ́ inú àwọn matatu, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò tiwọn, tó ń rin ọ̀nà jíjìn. Bébà náà ń sọ fún èrò pé kí wọ́n bá awakọ̀ wí bó bá ń wakùwà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn kan, wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn tó kù, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn orí-ire tu àwọn dẹ́rẹ́bà lójú kí wọ́n má ya á dànù. Èsì tó jáde ní 2011 ni pé iye ìgbà tí àwọn ọkọ̀ náà gba owó ìbánigbófò wálẹ̀ ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́nà tó gbòòrò, èrè náà kéré sí i, ó jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Bébà lásán!

Ohun tó ń pa wá lẹ́nu mọ́ ni pé oníkálukú ń retí kí ẹnìkejì sọ ọ́. Ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó gbóná, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, a ò kánjú o." Ẹ rọra fọwọ́ tọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó lè gbè é. Bó bá le jù, nọ́ńbà FRSC ni 122.

Bó bá ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, níbi tí ọkọ̀ mìíràn wà, ẹ gba ìyókù owó yín kí ẹ sọ̀. Bó bá jẹ́ inú igbó lóru, ẹ má dá a lóhùn, ẹ de bẹ́líìtì yín, kí ẹ rọra bẹ ìyá àgbà tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pé kó bá yín sọ ọ́. Mo ti rí dẹ́rẹ́bà tí kò ka ọlọ́pàá sí, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tí ìyá kan pè é ní ọkọ òun.