Kí ló sọ ẹyẹ di áº¹yáº¹? Unicode lórí kọ́ńsólù Linux

Tẹ Ctrl, Alt àti F3 pa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, gbogbo fèrèsé á pòórá, ojú dúdú kan á yọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kọ́ńsólù nìyẹn. Ibẹ̀ ni à ń sá sí nígbà tí ojú aláwòrán bá kọ̀ tí kò ṣí. Ibẹ̀ náà lèèyàn ti lè ṣí fáìlì Yorùbá, kó bá áº¹yáº¹ níbi tó kọ ẹyẹ sí.

Fáìlì náà ò bàjẹ́ o. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà, nọ́mbà ló ń tọ́jú, ó sì di dandan kí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé fẹnu kò lórí nọ́mbà tó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn àtijọ́ tó ń jẹ́ ASCII láyè fún lẹ́tà àti àmì 128 péré. Latin-1 sọ ọ́ di 256, síbẹ̀ kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, láyè fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan lónìí, nọ́mbà tó sì fún ẹ ni U+1EB9 (A sí F náà jẹ́ nọ́mbà nínú irú ìkọ̀wé yìí). Báìtì kan, ìyẹn àpò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́mbà, ò lè gba èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, pín in sí báìtì mẹ́ta: E1, BA, B9. Kọ́ńsólù tó bá gbọ́ UTF-8 á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á ya ẹ kan ṣoṣo. Èyí tó bá ń ka Latin-1 á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: á, º, ¹. Lẹ́tà y ò yí padà ní tirẹ̀, nítorí UTF-8 ò fọwọ́ kan ASCII rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan fi lè lo kọ́ńsólù fún ọdún mẹ́wàá láìfura.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ibi kan ṣoṣo ni à ń tún ṣe. Ojú tó ń ṣàfihàn ọ̀tọ̀, kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì ọ̀tọ̀. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, wàhálà ò tíì tán.

Láti ẹ̀dà 2.6.24 ti kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ni kọ́ńsólù Linux ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UTF-8 fúnra rẹ̀. Wo fáìlì /sys/module/vt/parameters/default_utf8: 1 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ti dojú rú, àṣẹ unicode_start ló ń tún un ṣe. Á sọ fún ojú kọ́ńsólù pé UTF-8 ni kó máa kà, á sì sọ fún kíbọ́ọ̀dù pé UTF-8 ni kó máa fi ránṣẹ́. Bí kíbọ́ọ̀dù bá dá wà lẹ́yìn, tí o tẹ à, báìtì kan ṣoṣo, E0, ló máa fi ránṣẹ́. Ojú kọ́ńsólù ò ní mọ ohun tó máa fi ṣe, á sì ya àmì ìbéèrè sí ọ. Àṣẹ unicode_stop ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ní ti àwọn ètò, tẹ àṣẹ locale charmap. UTF-8 ló yẹ kó dáhùn. Bó bá dáhùn ANSI_X3.4-1968, má jẹ́ kí orúkọ ńlá yẹn dẹ́rù bà ọ́, ASCII náà ni. Fi LANG, tó ń sọ èdè àti ìkọ̀wé fún àwọn ètò, sí C.UTF-8, tàbí yo_NG.UTF-8 tó bá wà lórí ẹ̀rọ rẹ. Bí o bá sì pa ẹ kan rẹ́, tó jẹ́ pé báìtì kan péré ló kúrò, àṣẹ stty iutf8 lo ń wá.

Fọ́ǹtì ló le jù. Àwòrán lẹ́tà 256 tàbí 512 ni fọ́ǹtì kọ́ńsólù sábà máa ń ní. Lórí ojú VGA àtijọ́, bí o bá mú 512, ìdajì nínú àwọ̀ mẹ́rìndínlógún tí o lè fi kọ̀wé á lọ. Nítorí náà, èèyàn ní láti yan èdè tó fẹ́. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam sún mọ́ tiwa, nítorí wọ́n ń lo ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣ. Àṣẹ setfont ló ń gbé fọ́ǹtì wọlé. Kó lè dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí o bá pa ẹ̀rọ, kọ orúkọ rẹ̀ sínú /etc/vconsole.conf, tàbí kí o lo àṣẹ dpkg-reconfigure console-setup lórí Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux.

Ó wá ku ẹ́. Àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ohùn fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, wọn kì í sì í fi ohùn méjì sórí fáwẹ́lì kan, nítorí náà wọn ò nílò ẹ́ rí. Unicode ò fún un ní nọ́mbà tirẹ̀: ẹ ló kọ́kọ́ ń wá, àmì òkè, U+0301, á tẹ̀ lé e. Àwòrán kan ni kọ́ńsólù ń fi sínú àpótí kan, kò lè to méjì léra. Àmì òkè yẹn á jábọ́, tàbí kó lọ gba àpótí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí àṣẹ tó lè tún èyí ṣe. Bí mo bá ní Yorùbá olóhùn láti kọ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, inú fèrèsé terminal lórí ẹ̀rọ mìíràn ni mo ti ń fi ssh, ètò tí à ń fi wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, wọlé síbẹ̀, torí ẹ̀rọ tó wà níwájú mi ló ń ya lẹ́tà nígbà náà.