Balùwẹ̀ inú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́: kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá inú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń bú ramúramù. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ìdí ibùsùn gan-an ni bẹ́sìnnì ìfọwọ́ wà. Ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ló ní ìdí tó múná dóko: omi àti ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà nínú ilé irin tó ń mì lórí òkun. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ayàwòrán ilé ló fẹ́ dárà, tí èrò ọkọ̀ sì ń jìyà rẹ̀. Ó yẹ kéèyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kó tó kówó sílẹ̀.

Kí ló dé tí balùwẹ̀ fi máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ibùsùn á wà lápá fèrèsé?

Páìpù ló fà á. Láàárín yàrá méjì tó fara ti ara wọn, àlàfo tóóró kan sábà máa ń wà tó gba inú àjà dé àjà. Ibẹ̀ ni páìpù omi tútù, ti omi gbígbóná, ti omi ìdọ̀tí àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Balùwẹ̀ yàrá kan á kẹ̀yìn sí ti ìkejì kí wọ́n lè jọ lo àlàfo yẹn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ á ṣí pátákó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tún un ṣe, kò ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú yàrá.

Ibẹ̀ náà ni ohun tó máa ń ya àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ rìnrìn àjò lẹ́nu ti wá. Wọ́n san iye kan náà fún irú yàrá kan náà, síbẹ̀ ohun tó wà lọ́tùn-ún ẹnì kan wà lósì ẹnì kejì. Nígbà mìíràn, ibùsùn ọ̀kan wà lẹ́bàá báákónì, ti èkejì sì wà lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èrò ò mọ̀: kì í ṣe inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ púpọ̀ nínú àwọn yàrá wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Piikkiö, nítòsí ìlú Turku ní Finland, tó jẹ́ pé odindi yàrá àti odindi balùwẹ̀ ló ń ṣe. Ògiri, ilẹ̀, iná, dígí, àwo ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti pé kó tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n á gbé e wọnú ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́, wọ́n á tì í sí ààyè rẹ̀, wọ́n á wá so páìpù àti wáyà rẹ̀ mọ́ ti ọkọ̀. Oasis of the Seas, tí wọ́n kàn ní Turku, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ní nǹkan bí 2,700 yàrá. Ẹ wá rò ó: bí ayàwòrán bá ṣe àṣìṣe kan nínú balùwẹ̀, àṣìṣe náà á ti di púpọ̀ rẹpẹtẹ kí èrò àkọ́kọ́ tó wọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sún un sẹ́yìn mọ́.

Kí ló dé tí mo fi ní láti gbé ẹsẹ̀ kí n tó wọ balùwẹ̀?

Omi ṣáwà àti omi bẹ́sìnnì sábà máa ń ṣàn lọ fúnra wọn, nítorí náà páìpù wọn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ. Abẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ ni páìpù yìí wà, òun ló gbé ilẹ̀ náà ga. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọkọ̀ bá fì sápá kan, omi tó wà nílẹ̀ náà á sá lọ sápá yẹn. Láìsí ìdènà lẹ́nu ọ̀nà, orí kápẹ́ẹ̀tì ni ì bá gbà lọ.

Ẹ má fojú kéré ìgbésẹ̀ yìí o. Lóru, tí oorun wà lójú, tí ọkọ̀ sì ń mì, òun ló máa ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹ fi iná balùwẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kí ló fa ariwo yẹn?

Afẹ́fẹ́ ni. Ní ilé, omi ló ń ti ìgbẹ́ lọ. Nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ kan ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù tọ̀sántòru. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹnu kékeré kan á là ní ìsàlẹ̀ àwo, afẹ́fẹ́ inú balùwẹ̀ á ya wọnú páìpù, á sì gbá gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ lọ. Nǹkan bíi líítà omi kan ló ń ná an, nígbà tí ti ilé lè ná líítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọkọ̀ tó ń ru gbogbo omi tó ń lò, tàbí tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kó tó rí i lò, èrè ńlá nìyẹn.

Èrè mìíràn wà níbẹ̀ tó kan bí yàrá ṣe rí. Páìpù irú tọ́ílẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín, ó lè gòkè, ó lè yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, torí pé fífà ni wọ́n ń fà á. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lè jìnnà sí ṣáwà bó bá wu ayàwòrán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Òfin náà tún ti ya omi ìwẹ̀ àti omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL ní apá kan, Annex IV, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú ohun tó jáde láti tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ibi tó ti lè dà á sókun. Èyí tí wọn kò bá tíì tọ́jú rárá kò gbọ́dọ̀ kan òkun àyàfi tí ọkọ̀ bá ti jìnnà ju máìlì orí òkun 12 lọ sí etí ilẹ̀. Apá òfin yẹn kò kan omi ìwẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi ìwẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ojú kan náà ni òfin á fi wò ó.

Àléébù ẹ̀rọ yìí ni pé láìsí iná mànàmáná, kò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ní February 10, 2013, iná sọ ní yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Carnival Triumph nínú Gulf of Mexico. Ọkọ̀ dúró, iná mànàmáná lọ, ọ̀pọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ò sì ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ èèyàn tó ju 4,000 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni wọ́n tó fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ dé Mobile ní Alabama. Inú mi ò dùn rárá tí mo bá ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rín. Ìyà gidi ni fún àgbàlagbà àti ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ohunkóhun sínú àwo yìí yàtọ̀ sí ìwé ìnùdí. Yàrá púpọ̀ ló ń lo páìpù kan, bí tiyín bá dí, ó lè ká aládùúgbò yín náà mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ kan wà tó tú balùwẹ̀ ká sáàárín yàrá?

Òótọ́ ni. Norwegian Epic ni orúkọ rẹ̀. Saint-Nazaire ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ fẹ́ kí yàrá onífèrèsé báákónì rí bí ìgbì omi. Ògiri rẹ̀ kò tọ́, ó tẹ̀ kọrọdọ, débi pé ibi tí yàrá kan ti fẹ̀ ni ti ẹnì kejì ti há. Láti rí ààyè fún ìyẹn, wọ́n fọ́ balùwẹ̀ sí mẹ́ta. Bí ẹ bá ti wọlé, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú àgọ́ kékeré lápá kan, ṣáwà wà nínú àgọ́ tirẹ̀ lápá kejì, àwọn méjèèjì ní ilẹ̀kùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Bẹ́sìnnì wà níta gbangba nínú yàrá. Aṣọ ìkélé kan ni wọ́n fi pín ibi ìwẹ̀ níyà sí ibi ìsùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ẹnì kan bá dìde lóru, iná àgọ́ náà tàn sójú ẹni tó ń sùn. Ohùn kò ní ibi tó máa sápamọ́ sí. Ẹni tó ṣe tán nílé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kó tó fọwọ́. Bí ìlẹ̀kùn àbáwọlé bá ṣàdédé ṣí nígbà tí ẹnì kan ń bọ́ aṣọ láti wẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọjú sí. Tọkọtaya lè fara dà á. Ìyá àti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ méjì tó kàn jọ pín owó yàrá ńkọ́?

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ páìpù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: fífà tí afẹ́fẹ́ ń fa tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti gbé e jìnnà. Ṣùgbọ́n pé nǹkan ṣeé ṣe kò sọ pé ó yẹ ní ṣíṣe. Nígbà tí Norwegian Cruise Line, ilé iṣẹ́ tó ni Epic, gbé ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e jáde, Norwegian Breakaway, ní 2013, balùwẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ògiri àti ilẹ̀kùn gidi ni wọ́n dá padà sínú rẹ̀. Èyí nìkan tó ẹ̀rí fún mi.

Ọkọ̀ Epic kan náà ló sì ṣe ohun tó dára gan-an: yàrá kéékèèké 128 fún ẹni tó ń dá rìnrìn àjò, kí ó má bàa san owó èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni fèrèsé wọn kọjú sí, kì í ṣe òkun.

Ṣé balùwẹ̀ tó pín sí méjì kò dára nígbà kankan ni?

Ó dára, tó bá jẹ́ ògiri gidi ló pín in. Disney Magic, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998, ní yàrá púpọ̀ tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ṣí sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti bẹ́sìnnì, èkejì ṣí sí ibi ìwẹ̀ àti bẹ́sìnnì tirẹ̀. Bàbá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, ìyá ń fọ eyín, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Ní tèmi, kò sí ètò tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Bẹ́sìnnì tó wà lápá méjèèjì gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀, torí pé pípín nìkan kọ́ ló ba ti Epic jẹ́.

Kí ló dé tí aṣọ ìkélé ṣáwà fi ń lẹ̀ mọ́ mi lára?

Àgọ́ ìwẹ̀ ló há, bẹ́ẹ̀ omi tó ń dà ń da afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láàmú. Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Massachusetts, David Schmidt, fi kọ̀ǹpútà wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé omi ṣáwà máa ń dá ìjì kékeré sílẹ̀ tó ń yí po, àárín rẹ̀ sì ń fa aṣọ náà wọlé. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Ig Nobel ní 2001. Ọkọ̀ tuntun púpọ̀ ti ń lo ilẹ̀kùn gíláàsì báyìí. Bí tiyín bá jẹ́ aṣọ, ẹ bu omi sí etí rẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ògiri kí ẹ tó wọlé.

Níbo ni kí n kó ẹrù balùwẹ̀ mi sí nígbà tí kò sí ààyè?

Irin ni ọ̀pọ̀ ògiri yàrá inú ọkọ̀, nítorí ìbẹ̀rù iná. Ìkọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ ọn ṣinṣin. Ẹ dán an wò lára ògiri àti ilẹ̀kùn.

Ṣé balùwẹ̀ aládàáni ti wà nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. Nínú Titanic, ní 1912, ọpọ́n ìwẹ̀ méjì péré ló wà fún gbogbo èrò ipò kẹta, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, bẹ́ẹ̀ wọ́n lé ní 700. Nígbà tí Queen Mary bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ní 1936, ẹ̀rọ omi mẹ́rin ló wà lára ọpọ́n ìwẹ̀ àwọn ọlọ́lá: omi iyọ̀ tútù àti gbígbóná, omi lásán tútù àti gbígbóná, torí pé omi tí kò níyọ̀ ṣọ̀wọ́n lójú òkun. Ọkọ̀ yẹn ti di òtẹ́ẹ̀lì ní Long Beach, California.

Kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó?

Ẹ má wo fọ́tò nìkan, torí pé láti igun tí yàrá ti fẹ̀ ni wọ́n ti ń yà á. Ẹ béèrè fún àwòrán ilẹ̀ yàrá tí ẹ fẹ́ gbà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá inú tàbí ìta ni bẹ́sìnnì wà, bóyá ògiri tàbí gíláàsì ló yí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ká, àti ẹ̀gbẹ́ tí ibùsùn wà. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tàbí orúnkún ń dùn ún, ẹ béèrè yàrá tí kò ní ìgbésẹ̀ lẹ́nu balùwẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, tí èèyàn lè yí kẹ̀kẹ́ dé abẹ́ ṣáwà. Irú rẹ̀ kì í pọ̀ nínú ọkọ̀ kan, wọ́n sì máa ń tètè tán.