Pròtéènì lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe pròtéènì nìkan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín sanra kù: "Pròtéènì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó délé, ó ti di "pròtéènì nìkan ni kẹ́ ẹ máa jẹ." Bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu ọ̀rẹ́ àti ará, ó ti di "kábọ̀háídíréètì ni ọ̀tá rẹ. Tó o bá fẹnu kàn án pẹ́nrẹ́n, wàá sanra padà." (Kábọ̀háídíréètì ni ṣúgà àti àwọn oúnjẹ tí ara ń sọ di ṣúgà, bíi búrẹ́dì àti ìrẹsì.) Bẹ́ẹ̀ lẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún á ṣe jókòó ti ẹyin sísè lọ́wùúrọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí á máa wo búrẹ́dì bí ẹni tó rí ejò.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ yẹn nídìí o, ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀ ná. Àpò oúnjẹ àgbàlagbà máa ń gbà tó lítà kan bó bá kún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ dànù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú bypass, èyí tí Edward Mason àti Chikashi Ito kọ́kọ́ ṣe ní Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1966, ńṣe ni wọ́n máa ń ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpò oúnjẹ, tí wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun, kí oúnjẹ lè fo apá ibi tó ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Lóde òní, àpò kékeré yẹn kì í sábà ju mìlílítà 30 lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ẹ bu omi ṣíbí ìjẹun ńlá méjì sínú ife kẹ́ ẹ sì wò ó. Bó ṣe mọ nìyẹn.

Inú ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni pròtéènì gíráàmù 60 sí 80 ti gbọ́dọ̀ gbà kọjá lójúmọ́, torí iye tí wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí jẹ nìyẹn. Ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Wàrà mìlílítà 240 ní bíi 8. Tí búrẹ́dì bá ti ṣáájú wọlé, àyè ti tán, ẹja á kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ni.

Nǹkan míì ni pé ara kò ní àká tó ń kó pròtéènì pamọ́ sí. Ọ̀rá ní àká (ẹni tó ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò nílò kí n júwe ibẹ̀ fún un). Ṣúgà náà ní tiẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ẹran ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ téèyàn ò bá jẹun. Pròtéènì ò ní àká kankan. Bó bá wọ́n, ara á lọ máa yọ ọ́ nínú ẹran tá a fi ń ṣiṣẹ́: itan tá a fi ń gun àtẹ̀gùn, apá tá a fi ń gbé ọmọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fọn kíákíá fi máa ń sọ pé aṣọ ti ń tóbi lára òun, àmọ́ òun ò lókun láti dìde lórí àga.

Títí débí, kò sí àríyànjiyàn. "Nìkan" yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ọpọlọ èèyàn máa ń lo ṣúgà tó nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́, bóyá a jẹ ẹ́ tàbí a ò jẹ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ le ju ọpọlọ lọ, torí kò mọ bá a ṣe ń lo ohun mìíràn rárá. Tí ṣúgà ò bá ti ẹnu wọlé, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀, ara ohun tó sì fi ń ṣe é ni pròtéènì. Ẹ wo èyí dáadáa: ẹja tẹ́ ẹ rọra jẹ fún ìdajì wákàtí, tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ torí kí ẹran ara má bàa tán, ara ti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ṣúgà. Bí ẹni tó fi pákó ìkọ́lé dáná ni. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ á máa fi ọ̀rá ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní kítóònù, ọpọlọ á sì gbà á jẹ, ìyẹn ò sì ní jẹ́ kí ìnáwó pròtéènì pọ̀ tó ti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó ṣì ń lọ, kò dúró. Kábọ̀háídíréètì díẹ̀ nínú àwo ló ń jẹ́ kí pròtéènì ráyè ṣe iṣẹ́ tá a tìtorí ẹ̀ rà á.

Mi ò sọ pé kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá wá ìrẹsì lọ o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi àti oúnjẹ olómi ni, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀, ó sì lè gba oṣù kan sí méjì kéèyàn tó padà sí oúnjẹ líle. Kábọ̀háídíréètì lásìkò yẹn kéré, wọ́n sì ti retí pé kó kéré. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ kan máa ń fi bíi gíráàmù 50 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí 130 bí àpò oúnjẹ bá ṣe ń gbà sí i. Ẹ kíyè sí i pé ó ń gòkè ni. Ẹni tó ṣì jókòó sórí òfo lẹ́yìn ọdún kan ti kọjá ibi tí ìmọ̀ràn náà rán an.

Kí ló wá fa ìbẹ̀rù náà? Mo rò pé ohun tójú àwọn kan rí gan-an ni. Ẹni tó ṣe bypass mu ife omi èso dídùn kan gbùrùgbùrù. Kó tó pé ìdajì wákàtí, inú ń lọ́ ọ, àyà ń lù kìkì, òógùn bò ó, ó sì sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ṣúgà náà já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àpò oúnjẹ tó tóbi tí ì bá rọra máa tú u sílẹ̀, ìfun sì fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ wá láti fi là á. Nígbà míì, ó tún máa ń padà wá ní wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ lọ́nà mìíràn: ínsúlíìnì á ti tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ebi á sì máa pa èèyàn bí ẹni tí ò jẹun látàná. Ọ̀pọ̀ á tún wá sáré jẹ súìtì láti fi wo ìkejì yìí, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. (Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n báyìí lẹ́yìn oúnjẹ léraléra, ẹ sọ fún dókítà yín.)

Ẹni tójú ẹ̀ ti rí èyí lẹ́ẹ̀mejì, ta ló fẹ́ bá a jiyàn pé kábọ̀háídíréètì kì í ṣe májèlé? Àmọ́ ohun tó mu kọ́ ló ń bẹ̀rù mọ́. Omi dídùn ló mu, àpù tútù tí èèyàn jẹ lájẹrọ̀ ló wá ń sá fún.

Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà, àpù, gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní kábọ̀háídíréètì, bẹ́ẹ̀ ìwà wọn nínú ara ò jọra. Ẹ gbé ẹ̀wà yẹ̀ wò. Ìdajì ife ẹ̀wà sísè ní pròtéènì bíi gíráàmù 7 tàbí 8, ó sì ní kábọ̀háídíréètì bíi 20. Apá ibo la fẹ́ tò ó sí, ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá? Wàrà yẹn náà, mìlílítà 240, tá a kà mọ́ pròtéènì lẹ́ẹ̀kan, ó ní kábọ̀háídíréètì bíi 12 nínú. Ẹni tó bá fẹ́ lé gbogbo rẹ̀ jáde nílé á lé méjì lára ohun tó rọrùn jù fún àpò oúnjẹ kékeré láti gbà.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tún wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ ọ́. Ẹran, ẹja àti ẹyin kò ní fáíbà (ohun inú oúnjẹ tí kì í dà nínú, tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀) rárá, kò tó bíńtín. Inú ewéko nìkan ló wà, ara kábọ̀háídíréètì ló sì ti ń wá. Ẹ fi ẹran nìkan kún omi tí kò pé lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́, kẹ́ ẹ fi oògùn aláyọ́ọ̀nù (iron) tí wọ́n fún yín kún un, ẹ ó rí i pé ìgbẹ́ ọjọ́ márùn-ún lè di òkúta. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ ló fà á.

Àwọn kan máa ń fi kún pròtéènì sí i torí irun. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, irun á bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú kọ́ǹbù, ẹ̀rù á sì bà wọ́n. Ìjìnnìjìnnì iṣẹ́ abẹ náà àti bí ara ṣe fọn kíákíá ló sábà máa ń fa èyí, irun náà á sì tún hù padà. Bí pròtéènì bá ti pé tẹ́lẹ̀, ìlọ́po méjì rẹ̀ kò ní dá a dúró; ẹ ní kí wọ́n yẹ áyọ́ọ̀nù àti síńkì inú ẹ̀jẹ̀ wò. Nígbà tá a sì wà lórí pròtéènì, lúbúlúbú kọlájínì tí wọ́n ń tà fún awọ ara kò lè dá gba iṣẹ́ yìí ṣe. Kò ní triputofáànì, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ fojú yẹ ẹ̀yìn agolo wò kẹ́ ẹ tó kà á mọ́ gíráàmù yín.

Ó yẹ ká fún ìgbàgbọ́ òdì yìí ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ lórí ohun kan. Bisikíìtì, àkàrà òyìnbó, ìpápánu tó ń ró wàrà-wàrà lẹ́nu, itọ́ á sọ wọ́n di ohun rírọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n á sì yọ̀ kọjá láìjẹ́ kí èèyàn yó. Ẹnì kan lè fi ọwọ́ bọ inú ọ̀rá ìpápánu kan láti agogo mẹ́rin títí di mẹ́fà kí àpò oúnjẹ rẹ̀ má mọ̀ pé nǹkan kan gbabẹ̀ kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sanra padà nìyẹn, kì í ṣe látinú ṣíbí ẹ̀wà mẹ́ta.

Bó ṣe máa ń rí lórí tábìlì nìyí, fún ẹni tó ti padà sí oúnjẹ líle. Ẹ mú àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé ife tíì. Ẹja sísè gba ìdajì rẹ̀, kárọ́ọ̀tì tó jinná dáadáa gba díẹ̀, ẹ̀wà tàbí ọ̀dùnkún ṣíbí méjì gba èyí tó kù. Ẹja lẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ ẹ́ lájẹrọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ láàárín òkèlè kan sí èkejì. Bí ẹja bá tán, ẹ bọ́ sórí kárọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà ẹ̀wà. Bí imú bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi tàbí òsúkè gbé yín, ẹ dúró níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń fi ìyẹn sọ pé àyè ti tán. Ohun tó bá ṣẹ́kù sórí àwo, kó jẹ́ ọ̀dùnkún, kó má jẹ́ ẹja. Omi di ìdajì wákàtí sí i.

Gíráàmù 60 sí 80 tí mo sọ kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Àwọn tó ṣe duodenal switch, níbi tí ìfun tí oúnjẹ ń fò pọ̀ gan-an, nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn lè nílò kó kéré sí i. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì kò gbọ́dọ̀ dá yí kábọ̀háídíréètì rẹ̀ padà láìsọ fún dókítà. Bí èébì bá sì ń gbé èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gíráàmù. Fítámì B1 inú ara lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ìrìn ẹni náà bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ojú rẹ̀ ń rí nǹkan méjì-méjì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ irú iṣẹ́ abẹ tó ṣe fún wọn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára.