Alẹkisáńdíríà Ló Kọ́ Àwọn Onígbàgbọ́ Àkọ́kọ́ Ní Ìwé Gíríìkì

"Ẹgbẹ́ búburú ba ìwà rere jẹ́." Òbí wo ni kò tíì fi gbólóhùn yìí kìlọ̀ fún ọmọ? Kọ́ríńtì Kìíní orí 15 ẹsẹ 33 la ti ń kà á, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ló ti wá. Menander, ará Áténì tó ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín ní nǹkan bí 300 ọdún kí a tó bí Krístì, ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó ni ín. Socrates òpìtàn ìjọ ní Euripides, tí òun náà ń kọ eré ní Áténì, ni.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ eré ṣe dé inú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù? Àwọn kan á ní Pọ́ọ̀lù ti ka gbogbo ìwé àwọn Gíríìkì tán. Ẹ wo ìlà náà dáadáa ná. Sílébù méjìlá ló yẹ kó ní, nítorí pé ìlà ewì eré ni. Kó lè pé méjìlá, akéwì gé fáwẹ̀lì tó parí ọ̀rọ̀ chrēsta, ó di chrēsth'. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó dára jù lọ tí a ní nínú lẹ́tà náà kọ chrēsta ní kíkún. Sílébù di mẹ́tàlá, ìlù ewì sì já. Òótọ́ ni pé adàwékọ lè kọ fáwẹ̀lì tí ẹnu kò ní í pè. Síbẹ̀, lójú tèmi, òwe ni Pọ́ọ̀lù ń pa, kò bá ewì lọ. Ilé-ìwé sì ni ìlà Menander ti ń di òwe: olùkọ́ á kọ ìlà kan sókè pátákó, ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ á máa dà á kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi tọ́. Iyanrìn Íjíbítì ṣì pa irú pátákó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí dòní.

Ọ̀rọ̀ Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 17 ẹsẹ 28 tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Áténì, Pọ́ọ̀lù ní àwọn akéwì wọn pàápàá ti wí pé ọmọ Ọlọ́run ni wá. Ìlà karùn-ún ewì Aratus lórí ìràwọ̀ nìyẹn, Aratus sì jẹ́ ará Soli ní Kìlíkíà. Nítorí pé Tásù, ìlú tí a bí Pọ́ọ̀lù sí, wà ní Kìlíkíà kan náà, wọ́n ti yára parí ẹjọ́: ọmọ ìlú ló ń kọ orin ọmọ ìlú rẹ̀. Àlàyé yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ orí 22 ẹsẹ 3 ìwé kan náà sọ pé Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti tọ́ Pọ́ọ̀lù dàgbà. Ẹ jẹ́ ká fi Tásù sílẹ̀.

Alẹkisáńdíríà, ìlú ńlá ní Íjíbítì, ni kí a lọ. Nígbà ayé Ptolemy Kẹfà, tó jọba láàárín ọdún 180 sí 145 kí a tó bí Krístì, Júù kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aristobulus kọ̀wé láti ṣàlàyé òfin Mósè. Ó fa ìbẹ̀rẹ̀ ewì Aratus yọ, ìlà karùn-ún wà nínú rẹ̀, ó sì yọ orúkọ Seusi, olórí òrìṣà àwọn Gíríìkì, kúrò, ó fi Ọlọ́run sí i. Kò ṣe é ní bòókẹ́lẹ́; ó sọ fún òǹkàwé pé òun ló yọ ọ́, nítorí pé Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Eusebius, òpìtàn ìjọ mìíràn, ló tọ́jú àjákù yìí fún wa. Ẹnì kan ti fọ ìlà náà mọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú ìwàásù Áténì.

Ọ̀nà wo ló gbà dé ọwọ́ Pọ́ọ̀lù tàbí Lúùkù? Ìṣe orí 6 ẹsẹ 9 sọ pé àwọn Júù ará Alẹkisáńdíríà àti àwọn ará Kìlíkíà jọ ń bá Sítéfánù jiyàn ní Jerúsálẹ́mù. Ó ṣeé ṣe kí irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa kọjá láàárín wọn. Apollos tún wà ńbẹ̀, ọmọ bíbí Alẹkisáńdíríà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó lọ kọ́ni ní Kọ́ríńtì, ìlú tí a kọ lẹ́tà tó ní ìlà Menander yẹn sí! N kò ní í bura pé Apollos ló mú un dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á wá ẹni tó lè mú un dé, òun ni n óò kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn Júù Gíríìkì wọ̀nyí kò sì fi mọ sórí fífa ọ̀rọ̀ yọ. Ọ̀kan nínú wọn, Ezekiel akọ̀wé eré, sọ ìtàn Ẹ́kísódù di eré ní ìlànà Euripides. Ìlà 269 ló ṣẹ́ kù. Wàhálà rẹ̀ ni Òkun Pupa, torí ta ni yóò ri ọmọ ogun sómi lórí ìtàgé? Ó ṣe bí Aeschylus ti ṣe nínú eré àwọn ará Páṣíà: ará Íjíbítì kan tó yè bọ́ ló wá ròyìn ìparun náà.

Ẹ̀kọ́ tó wọ inú àwọn Ìhìn Rere gan-an ni èyí tí wọ́n ń pè ní chreia. Theon ará Alẹkisáńdíríà ṣàlàyé rẹ̀: orúkọ ẹni tí a mọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tó fi parí rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, Diogenes amòye rí ọmọ tó ń hùwàkiwà, ó na ẹrú tó ń tọ́ ọ, ó ní, "Ṣé bí o ṣe ń kọ́ ọ nìyí?" Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ tún un sọ, á yí orúkọ náà sí oríṣiríṣi ipò gírámà, títí kan sísọ ẹnì kan ṣoṣo di méjì, bí "àwọn Pythagoras méjì" tí kò nítumọ̀ kankan, á fà á gùn, á gé e kúrú, á gbè é lẹ́sẹ̀, á sì tako ó. Ẹ wá ka Máàkù orí 12, níbi tí wọ́n ti bi Jésù léèrè owó orí: ìbéèrè, owó dénárì lọ́wọ́, "Ẹ fi ti Késárì fún Késárì." Ẹ tún fi àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ wé bí Mátíù àti Lúùkù ṣe sọ wọ́n, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti gé kúrú àti ibi tí wọ́n ti fà á gùn. Àwọn tó ní Homer, akéwì àgbà àwọn Gíríìkì, ni Máàkù ń fara wé pátápátá ń wá ọkọ̀ ojú omi àti ìjì kiri. Kò sí ìwé etíkun tí wọn kò ní í bá a.

Iṣẹ́ Origen, ọ̀mọ̀wé Onígbàgbọ́ ará Alẹkisáńdíríà, ni ọwọ́ ilé-ìwé ti hàn jù. Wọ́n pa Leonides bàbá rẹ̀ ní 202 nítorí ìgbàgbọ́, ìjọba gba dúkìá wọn, òun àkọ́bí ọmọ méje kò sì tíì pé ọmọ 17. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti ewì ló fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tó yá ó ta àwọn ìwé rẹ̀ fún ẹni tí yóò máa fún un ní óbólì mẹ́rin lójúmọ́. Ìwé lọ, ọgbọ́n iṣẹ́ kù.

Ní ibi ìkówèésí Alẹkisáńdíríà, Zenodotus ló kọ́kọ́ ń fa obelos, ìlà kékeré kan, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó bá fura sí nínú Homer. Aristarchus wá fi àwọn àmì mìíràn kún un. Wọn kì í pa ìlà náà rẹ́, kí òǹkàwé lè dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Origen gbé àmì yìí wọ inú Májẹ̀mú Láéláé. Òpó mẹ́fà ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Hexapla: Hébérù, Hébérù tí a fi lẹ́tà Gíríìkì kọ, ìtumọ̀ Aquila, ti Symmachus, Septuagint (ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ tí ìjọ ń lò), ti Theodotion. Ohun tí Septuagint ní tí Hébérù kò ní, ó fi obelos síwájú rẹ̀. Ohun tó wà ní Hébérù tí Septuagint kò ní, ó yá a lọ́wọ́ àwọn yòókù, pàápàá Theodotion, ó sì fi àmì ìràwọ̀ síwájú rẹ̀. Àmì kẹta, metobelos, ni ó fi ń sé ìparí.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ìwé náà tóbi ju agbára adàwékọ lọ. Pamphilus àti Eusebius yọ òpó karùn-ún nìkan tàwọn àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó dà á kọ lẹ́yìn wọn ń fo àmì, torí pé láìsí òpó yòókù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Bí ìràwọ̀ bá ti jábọ́, ọ̀rọ̀ Theodotion di ọ̀rọ̀ Septuagint nìyẹn, ìyẹn ló fi ṣòro dòní láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtumọ̀ èdè Síríákì tí Paul ará Tella ṣe ní nǹkan bí 616 ló pa ọ̀pọ̀ àmì náà mọ́. Òótọ́ ni pé Kesaríà, ní Palẹ́sínì, ni Hexapla wà. Àmọ́ ilé àwọn mọ́ńkì Enaton, lẹ́bàá Alẹkisáńdíríà, ni Paul ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìyókù kò ṣòkùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Justin, olùkọ́ Onígbàgbọ́ ní Róòmù, pe Socrates amòye ní Kristẹni. Tertullian, òǹkọ̀wé Onígbàgbọ́, pariwo pé kí ni Áténì ní í ṣe pẹ̀lú Jerúsálẹ́mù, ẹ̀kọ́ sísọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì dá sílẹ̀ ló sì fi pariwo náà. Basil bíṣọ́ọ̀bù ní kí ọ̀dọ́ ka àwọn akéwì, kí wọ́n ṣà á kà. Ní 362 ni Julian, ọba Róòmù, wá ní Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fi Homer kọ́ni mọ́. Apollinaris àgbà, ọmọ Alẹkisáńdíríà tó jẹ́ olùkọ́ gírámà, sọ ìwé Mósè di ewì ní ìlù Homer. Ọmọ rẹ̀ sọ àwọn Ìhìn Rere di ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bíi ti Plato. Julian kú lójú ogun ní 363. Àwọn olùkọ́ padà sídìí Homer, Socrates òpìtàn sì ní ìwé bàbá àti ọmọ náà dà bí ẹni pé a kò kọ wọ́n rí.