Fífọ̀ àti Ìtọ́jú Irun Lẹ́yìn Bílíìṣì

Omi ni a fi ń dá irun tí a ti fi bílíìṣì bó àwọ̀ rẹ̀ mọ̀. Bí a bá kán omi sórí irun tí kẹ́míkà kankan ò tíì kàn, á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì yọ̀ kúrò bí omi orí ewé kókò. Bí a bá kán an sórí irun tí bílíìṣì ti sọ di ìyèyè, kíá ni irun á ti mu ún. Irun tó ń yára mu omi báyìí náà ló ń yára gbẹ, tó ń yára ta kókó, tó sì ń yára já. Gbogbo ìtọ́jú rẹ̀, láti orí ṣáńpù dé orí ìrọ̀rí tí a ń sùn lé, orí ọ̀rọ̀ omi yìí ló dá lé.

Fọ́nrán irun kan ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja. Ìpẹ́ yìí gun ara wọn lé, wọ́n sì kọjú sí ìhà ṣóńṣó irun. Ọ̀rá tín-ín-rín kan wà lórí wọn tí ojú ò lè rí. Kì í ṣe ọ̀rá tó ń sun jáde láti awọ orí o. Èyí ti so mọ́ ara irun látìgbà tó ti ń hù. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ráyè wọlé, òun náà ló ń jẹ́ kí fọ́nrán kan yọ̀ lára èkejì láìha ara wọn. Abẹ́ ìpẹ́ ni ara irun gan-an wà: okùn kẹ́rátíìnì, èròjà purotéènì tí irun fi di irun, tó lọ́ mọ́ra wọn, tí ìdè imí-ọjọ́ so pọ̀. Àárín okùn yìí ni mẹ́láníìnì fọ́n ká sí, èyí tó ń fún irun ní àwọ̀.

Iṣẹ́ bílíìṣì ni pé kó wọlé bá mẹ́láníìnì, kó sì pa àwọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fún irun dúdú sábà máa ń jẹ́ lúbúlúbú tó ní èròjà persulfate nínú, tí wọ́n á pò mọ́ hydrogen peroxide. Nọ́ńbà ara ìgò peroxide ló ń sọ bó ṣe le tó: 20 volume jẹ́ ìdá 6 nínú 100, 30 jẹ́ 9, 40 sì jẹ́ 12. pH àpòpọ̀ náà, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe jọ omi eérú tó, máa ń wà láàárín 9 sí 11, ìyẹn ló ń mú kí irun wú, kí ìpẹ́ rẹ̀ sì gbé ẹnu sókè. Dúdú á kọ́kọ́ di búráùn, búráùn á di pupa, pupa á di àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ọsàn á di ìyèyè, ìyèyè á wá máa ṣí títí á fi di fẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí a dúró, torí pé kẹ́rátíìnì fúnra rẹ̀ ní ìyèyè díẹ̀ lára. Ẹni tó bá ń fi bílíìṣì lé funfun kọjá ibẹ̀ kò rí mẹ́láníìnì kan pa mọ́. Okùn irun ló ń pa.

Kódà kó tó débẹ̀, bílíìṣì kì í ya ọ̀tá sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rẹ́. Bó ṣe ń jẹ mẹ́láníìnì ló ń já ìdè imí-ọjọ́: nǹkan bí 15 sí 25 nínú 100 nígbà tí bíbó náà kò bá le jù, ó sì lè tó 45 tó bá le gan-an. Ìdè tó já lọ́nà yìí ti di nǹkan mìíràn, kò ṣeé so padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá orí ìpẹ́ náà sì ti ṣí lọ. Ọgbẹ́ ara máa ń jinná nítorí pé ara wà láàyè, ṣùgbọ́n irun tó ti yọ jáde lórí ti kú, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní ohun tó lè fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgò tó bá ní òun ń wo irun sàn, ìpolówó ọjà ló ń ṣe.

Ṣíṣàn bílíìṣì kúrò ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe omi gbígbóná, torí awọ orí ti rí ìyà tó tó lọ́jọ́ yẹn. A ó máa ṣàn án títí tí irun kò fi ní yọ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́ mọ́, ní pàtàkì ní ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn etí, níbi tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ìyókù tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ṣáńpù tí kò le àti kọ̀ńdíṣọ́nà tí pH rẹ̀ kéré. Kí orí ta ènìyàn díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Bó bá lé ròrò tàbí tí omi ń sun lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti onídìrí, ó di ti dókítà.

Fífọ̀ tó tẹ̀ lé e lè dúró di ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí awọ orí lè rí epo ara rẹ̀ díẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún irun tó nà, irun tó ká dáadáa sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ọ̀rọ̀ pH yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Nọ́ńbà tó bá wà lábẹ́ 7 jẹ́ ti ohun kíkan, èyí tó bá ju 7 lọ jẹ́ ti irú ohun tó wà nínú eérú, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po 10. Ìpẹ́ irun máa ń sùn mọ́lẹ̀ dáadáa ní nǹkan bíi 4 sí 5.5. Ọṣẹ olódindi tí a fi ń wẹ̀ tàbí tí a fi ń fọṣọ máa ń wà ní nǹkan bí 9 sí 10. Ẹni tó bá fi í fọ irun tó bó, ńṣe ló tún ń gbé ìpẹ́ tí kọ̀ńdíṣọ́nà ti tẹ́ sílẹ̀ dìde. Omi tútù tí wọ́n ní ó ń pa ìpẹ́ dé kì í pa á dé. Ohun kíkan ló ń ṣe é. Omi tútù kò burú, ó kàn ń ṣe ènìyàn ní òtútù lásán ni.

Nígbà tí ọjọ́ fífọ̀ bá wá pé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí omi tó kan irun. Irun tí a ti bó máa ń wú nínú omi ju irun mìíràn lọ, bó bá sì ti wú, ara rẹ̀ á máa bọ́ bá omi lọ. Òróró àgbọn máa ń dín èyí kù, torí pé hóró ọ̀rá inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, ó sì tò tààrà, ó lè wọ inú irun lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 fi í wé òróró sunflower àti òróró mineral tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì, òun nìkan ni wọ́n rí pé ó dín kẹ́rátíìnì tí irun ń pàdánù kù, títí kan irun tí a ti bó. Kíkùn rẹ̀ díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí wákàtí mélòó kan ṣáájú, ti tó.

Awọ orí ni ṣáńpù wà fún. Orí rẹ̀ ni ìdọ̀tí àti epo wà, nítorí náà orí rẹ̀ ni ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọmọ ìka, kì í ṣe èékánná. Ìhó tó bá ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀ ti tó fún gígùn irun. Kíkó gbogbo irun jọ sí àtàrí kí a máa gbo ó bí aṣọ ni ó ń mú kó lọ́ pọ̀, irun tó bó kì í sì í lọ́ pọ̀ kó má já.

Kọ̀ńdíṣọ́nà ló dùn ún sọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí bílíìṣì ti já ìdè máa ń ní agbára iná mànàmáná òdì lára, èròjà inú kọ̀ńdíṣọ́nà sì ní ti òdìkejì rẹ̀, ni wọ́n bá ń fa ara wọn bíi mágínẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bàjẹ́ jù náà ló ń gbà á mọ́ra jù. Kò tún ohunkóhun so nínú irun o; ó kàn dúró bí adelé fún ọ̀rá tó ti lọ, omi á sì máa ṣàn án kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí irun tó bó fi ń fẹ́ kọ̀ńdíṣọ́nà ní gbogbo ìgbà tí a bá fọ̀ ọ́. Nígbà tó bá wà lórí ni a ń ya irun, pẹ̀lú òòyà eléyín ńlá, láti ṣóńṣó lọ sókè sí ìdí.

Irun tó tutù máa ń fà díẹ̀, á sì padà sí ipò rẹ̀. Bí fọ́nrán kan bá ń fà lọ bí ṣingọ́ọ̀mù tí kò padà mọ́, okùn inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má sì tún fi kẹ́míkà kàn án. Rílásà lórí irun tó bó wà lára ohun tó ń mú irun já jù, nítorí pé ìdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá jà.

Aṣọ ìnura ni kí a fi fún omi kúrò, kì í ṣe kí a fi máa ha á. Irun tó ṣì ní omi nínú kò gbọ́dọ̀ rí irin gbígbóná: omi inú rẹ̀ á hó, á di oru, oru náà á sì lu ihò bí ìfófò sínú irun, ibẹ̀ ló sì máa ti ṣẹ́. Bó bá ti gbẹ tán, tí irin náà bá sì ṣe dandan, ó sàn kó wà lábẹ́ 180°C. Ìrọ̀rí sátíìnì ń ran irun lọ́wọ́ lóru, torí pé irun ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣáńpù elésè àlùkò kò sí fún ìtọ́jú rárá, àwọ̀ nìkan ló wà fún. Àlùkò dojú kọ ìyèyè nínú ètò àwọ̀, ni wọ́n bá ń pa ara wọn rẹ́ lójú. Irun tó bá ṣì wà ní àwọ̀ ọsàn, búlúù ló ń fẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, nítorí irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń mu aró jù níbì kan, á sì hàn bí àbùlẹ̀.

Nígbà tí irun tó bó bá di àwọ̀ ewé lẹ́yìn ìlúwẹ̀ẹ́, kiloríìnì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, bàbà tó wà nínú omi ló sì ṣe é. Fífi omi mímọ́ rin irun kó tó wọ adágún ń dín in kù, torí irun tó ti mu omi yó kò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè gba òmíràn. Ṣáńpù tó ní EDTA, èròjà kan tó ń di irin mú, lè fa bàbà náà jáde, bó ṣe ń fa kálísíọ́ọ̀mù omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀ jáde.

Bó bá di ọ̀rọ̀ bíbó ẹlẹ́ẹ̀kejì, irun tuntun tó hù ní ìdí nìkan ni kẹ́míkà ń lọ bá. Irun ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, nítorí náà ṣóńṣó irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ti lé ní ọdún méjì láyé, ó sì ti rí gbogbo fífọ̀, yíyà àti oòrùn tó wà láàárín rẹ̀. Bó bá ti là sí méjì, lílà náà á máa gun òkè lọ ni. Òkè ibi tó là dé ni kí a ti fi sísọ́ọ̀sì gé e.